Ọ̀nà Ló Jìn, Ẹrú Ní Baba: Àtúnyẹ̀wò Ìjìnnà sí Ẹbí nínú Òwe, Orúkọ àti Àrokò Yorùbá

Àṣamọ̀

Ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn olùkọ́ sábà máa ń fún òwe Yorùbá tó jẹ mọ́ ìjìnnà sí ẹbí: pé kí ẹni tó lọ rántí ilé. Bébà yìí tako ìtumọ̀ ẹlẹ́yọ kan náà. Tíọ́rì ìfojú ìmọ̀ ìbára-ẹni-gbé-pọ̀ wo lítíréṣọ̀ ni ó fi yẹ òwe, orúkọ àti àrokò wò, ó sì gbé wọn ka orí ìtàn Èkìtì àti ilẹ̀ Yorùbá lápapọ̀. Àbájáde rẹ̀ ni pé ojúṣe ni Yorùbá fi ń wọn ìjìnnà, kì í ṣe gígùn ọ̀nà. Ojúṣe yìí sì pín sórí ẹni mẹ́ta: ẹni tó lọ, ẹni tó kù sílé, àti ẹni tó gba ará ọ̀nà jíjìn sílé. Bébà náà dábàá pé kí olùkọ́ máa wádìí ẹnu tí òwe ti jáde àti etí tó wọ̀, kí ó tó fi kọ́ ọmọ tí òbí rẹ̀ ń gbé lókèèrè.

Ìfáárà

Ẹbí ni òpó tí àwùjọ Yorùbá dúró lé. N. A. Fadipe, nínú ìwé rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1970, ṣe àlàyé kíkún lórí agbo ilé gẹ́gẹ́ bí ibi tí àwọn tó bá ara wọn tan ń gbé lábẹ́ àkóso baálé. Àwòrán yìí ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹbí Yorùbá: bàbá àgbà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ìyàwó ilé nídìí ààrò, àwọn ọmọ nínú àgbàlá. Òótọ́ ni àwòrán náà, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àgbẹ̀ ti ń gbé ní àbà, tí alájàpá ń ná ọjà òkèèrè, tí ìwọ̀fà ń sin olówó, tí ọmọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, tí ọmọbìnrin sì ń fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ilé ọkọ. Gbogbo wọn ni wọ́n ń kà mọ́ ará ilé, bí wọn kò tilẹ̀ sùn níbẹ̀.

Ìdajì òótọ́ yìí ń fa ìṣòro ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Àpẹẹrẹ kan ni òwe tó wọ́pọ̀ jù lọ lórí kókó yìí: Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Olùkọ́ yóò kọ ọ́ sójú pátákó, yóò ní ìkìlọ̀ ni fún ẹni tó bá fi ilé sílẹ̀, yóò sì bọ́ sórí òwe mìíràn. Ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ó má sí, nínú kíláàsì kan ní Adó-Èkìtì, ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà nítorí pé ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ní Àbújá tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́ ni pé ìyá òun ni odò tó ń gbẹ. Bí èyí bá jẹ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, kí ọmọ náà gbà á. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, olùkọ́ ti fi òwe ṣe ọmọ léṣe. Ìdí nìyí tí àtúnyẹ̀wò fi pọn dandan.

Ọgbọ́n Ìwádìí

Ọlátúndé Ọlátúnjí (1984) ka òwe mọ́ ara àwọn ẹ̀yà ewì alohùn Yorùbá, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó yẹ fún àyẹ̀wò lítíréṣọ̀ bí oríkì àti ẹsẹ Ifá ti yẹ. I. O. Delano kó òwe jọ sínú Òwe L’ẹṣin Ọ̀rọ̀ ní ọdún 1966. Oyekan Owomoyela sì kó èyí tó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún jọ ní ọdún 2005. Iṣẹ́ ribiribi ni àkójọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, òwe tó bá ti wọ inú ìwé dà bí ẹja tí a ti gbé kúrò nínú omi: ara rẹ̀ wà níbẹ̀, ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sí mọ́. Tíọ́rì ìfojú ìmọ̀ ìbára-ẹni-gbé-pọ̀ wo lítíréṣọ̀ gbà pé ìtumọ̀ iṣẹ́ ọnà alohùn kò ṣeé yà kúrò lára àwùjọ tó bí i. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí ń bi òwe kọ̀ọ̀kan: Ta ló ń pa á? Ta ni wọ́n ń pa á fún? Irú ìjìnnà wo ni wọ́n ní lọ́kàn?

Ilé, Oko àti Ẹ̀yìn Odi

Kí òwe tó sọ̀rọ̀, èdè fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń dárúkọ ibi tó jìnnà kò wọn ibùsọ̀ rárá. Ilé, tí ẹ̀ka èdè Èkìtì ń pè ní ulé, ni orísun ìwọ̀n. Lẹ́yìn ilé ni oko wà. Lẹ́yìn oko ni ẹ̀yìn odi, ìyẹn ibikíbi tó bá ti kọjá ògiri ìlú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdálẹ̀, tí ó jẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀, àti òkè òkun. Ará ẹ̀yìn odi lè wà ní ìlú kejì tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé kí oòrùn tó wọ̀. Àgbẹ̀ tó wà nínú àbà rẹ̀ lè jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ oko ló wà. Kò sí ẹni tí yóò pè é ní ará ìdálẹ̀. Ohun tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni bí ìpadàbọ̀ wọn ti dájú tó.

Òwe Ilé ni àbọ̀ sinmi oko dúró lórí ìyàtọ̀ yìí. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Èkìtì lọ ń dá oko kòkó nínú igbó Oǹdó, wọ́n ń lo ọ̀pọ̀ oṣù níbẹ̀. Bí wọ́n bá wálé fún ọdún ìbílẹ̀, ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, ẹnu òwe yìí ni wọ́n ń bọ́ sí. Ìtùnú ni òwe náà jẹ́ lẹ́nu ẹni tó bá gbàlejò wọn, nítorí ohun tó ń sọ ni pé ààyè rẹ ṣì wà níbí. Ìkíni gan-an ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ẹni tí wọn kò rí láti ọdún mẹ́ta, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń kí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu ti sọ ọdún di ọjọ́, kí ojú má baà ti ẹni tó pẹ́ kí ó tó dé. Ẹni tó kù sílé ló ń ṣe ojúṣe tirẹ̀ báyìí: òun ló ní láti sọ ìpadàbọ̀ di ohun tó rọrùn.

Ọ̀nà mìíràn sì tún wà tí èdè fi ń gbé ìjìnnà ga. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Ìyìn ni èyí jẹ́ fún arìnrìn-àjò. Bákan náà ni Èèyàn gbé òkèèrè níyì. Ìsúnmọ́ni ni à ń mọ ìṣe ẹni. Òwe ìkẹyìn yìí mú bí abẹ. Ó gbà pé iyì ń bẹ nínú jíjìnnà, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé iyì náà lè jẹ́ iyì àìmọ̀. Ẹni tó ń gbé òkèèrè kò ní ẹni tí ń rí àléébù rẹ̀. Àwọn ará ilé náà kò sì rí ìyà tí ń jẹ ẹ́. Ó ṣòro láti mú òwe wọ̀nyí àti òwe odò tó gbàgbé orísun rẹ̀ wá sábẹ́ ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Òwe ń bá òwe jiyàn, èyí sì ni ẹ̀rí pé àwùjọ fúnra rẹ̀ ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ìjìnnà Àfipáṣe: Ẹrú Ní Baba

Òwe tó jinlẹ̀ jù lọ lórí kókó yìí ni Ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba. Láti mọ ìwúwo rẹ̀, ó yẹ kí ènìyàn rántí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ogun fi tú ìlú ká. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣoogùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi bára rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ lọ sí Sàró. Ní ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ọ̀nà fi jìn. Ìtàn yìí lókìkí nítorí pé ó parí sí ayọ̀, ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí sì mọ̀wé kọ; àìníye ni àwọn tí kò fojú kan ìyá wọn mọ́.

Ilẹ̀ Èkìtì kò bọ́ nínú irú ìjìyà bẹ́ẹ̀. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní ọdún 1886, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni àwọn àgọ́ ogun tó túká. Ṣáájú ogun náà àti láàárín rẹ̀, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì kúrò nílé lọ ṣe ẹrú. Ohun mánigbàgbé ni pé àwọn tó jìnnà sílé kópa nínú ìjà òmìnira náà. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó, tí àwọn tó ti oko ẹrú padà dé wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn jagunjagun nílé. Odò tó jìnnà sí orísun rẹ̀ ló padà bu omi fún orísun.

Báwo wá ni òwe náà ṣe ń ṣiṣẹ́? Kì í ṣe ẹrú ni wọ́n ń pa á fún. Ẹni tí ẹrú ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Ẹni tó ni ẹrú lè rò pé, níwọ̀n ìgbà tí kò sí ìyekan tí yóò bi òun léèrè, kò sí ohun tí òun kò lè fi ojú rẹ̀ rí. Òwe náà dá a lóhùn pé baba tí kò sí níbí kò túmọ̀ sí pé baba kò sí. Òwe kejì, Ìbí kò ju ìbí. Bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ, ń ti ìdájọ́ náà lẹ́yìn. Ó yẹ kí alámèyítọ́ ṣọ́ra níbí: òwe méjèèjì kò fòpin sí òwò ẹrú, àwùjọ tó ń pa wọ́n náà ló sì ń ra ẹrú. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ ẹ̀rí pé ẹ̀rí ọkàn àwùjọ náà kò sùn. Wọ́n gbé ojúṣe lé onílé lórí, nítorí ọ̀nà tó jìn ti gba ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́ àlejò.

Orúkọ kan tí kò ṣàjèjì ní Adó-Èkìtì tan ìmọ́lẹ̀ sí ojúṣe yìí. Adékúnlé Fájuyì, ọmọ bíbí Adó tó jẹ́ gómìnà ológun ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, gba olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, Aguiyi-Ironsi, lálejò ní Ìbàdàn ní oṣù keje ọdún 1966. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà ni àwọn ológun ọlọ̀tẹ̀ kó àwọn méjèèjì lọ, tí wọ́n sì pa wọ́n ní Lálúpọn. Àríyànjiyàn wà lórí bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ gan-an nínú ilé ìjọba lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn Fájuyì yàn láti máa rántí kò fara sin: pé ó kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀ fún ikú. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sílé, wọ́n sì sin ín sí Adó ní oṣù kìíní ọdún 1967. Ìtàn kan ṣoṣo yìí ló so ojúṣe onílé sí àlejò pọ̀ mọ́ ojúṣe ilé sí ọmọ rẹ̀ tó kú sẹ́yìn odi.

Ìròyìn: Orúkọ àti Àrokò

Ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Ó lè dà bí ẹni pé òwe yìí le jù, títí ènìyàn yóò fi rántí pé ẹnu òbí tó ń dúró ló ti jáde. Òkú ní ibojì. Ẹni tó nù kò ní ibì kankan tí ojú lè wò. Ohun tó ń dun òbí náà ni àìgbúròó. Nítorí èyí, Yorùbá wá ọ̀nà láti fi ìròyìn dí àlàfo náà kí ìwé kíkọ tó dé. Àrokò jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n so kọjú síra ń sọ pé ọkàn ń fẹ́ kí ojú rí ojú. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìbínú àti ìyapa ni. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ ti ìfà, nítorí ẹ̀fà àti fífà jọ ní ohùn. Ìjìnnà ni ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ ojú àti ẹ̀yìn ènìyàn ni wọ́n fi ya àwòrán rẹ̀. Àrokò kò mẹ́nu kan bí ọ̀nà ti gùn tó. Ibi tí ojú kọ sí ló kà sí pàtàkì.

Orúkọ náà jẹ́ ibi ìpamọ́ ìjìnnà. Abíọ́nà ni ọmọ tí wọ́n bí sójú ọ̀nà. Tòkunbọ̀ ni ẹni tí wọ́n bí sí òkè òkun tó padà wálé. Nínú orúkọ náà, ìpadàbọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọmọ. Lílọ kò ní ìsọ̀rí kankan. Ó sì bani lọ́kàn jẹ́ díẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ti di orúkọ fún ọkọ̀ àlòkù láti ìlú òyìnbó. Èyí tó wú alámèyítọ́ lórí jù lọ ni Abídèmí, orúkọ ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí bàbá rẹ̀ kò sí nílé. “Mí” tó gbẹ̀yìn orúkọ náà, bàbá tí kò sí níbẹ̀ ni. Àwọn ará ilé fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu kí ó tó dé, wọ́n fi ohùn rẹ̀ pe ọmọ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọmọ náà di ẹni tó ń dúró dè é. Lójoojúmọ́ tí wọ́n bá pe Abídèmí, bàbá ń sọ̀rọ̀ nínú ilé tí kò sí.

Ìjìnnà Òde Òní

Láyé òde òní, ìjìnnà ti pọ̀ sí i, ó sì ti yí àwọ̀ padà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà lábẹ́ Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ti bímọ síbẹ̀ ló di ẹrù wálé, àwọn ọmọ wọn sì bá ẹbí tí wọn kò rí rí pàdé. Wọ́n dé orísun, ṣùgbọ́n àjèjì ni orísun jẹ́ sí wọn. Ní ìdà kejì, láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti dí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́ láti mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wá. Ní oṣù kẹta ọdún náà ni wọ́n fi irú òfin kan náà de àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú aláìlera àti arúgbó. Ìyá tó bá ti ibí lọ ń tọ́jú ìyá ẹlòmíràn lókèèrè lè fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá tó bí i. Jápa ni àwọn ọ̀dọ́ ń pe ìlọ yìí. Nínú ọ̀rọ̀ náà, sísá ni ó hàn. Kò ní ìpadàbọ̀ tó wà nínú àjò àti nínú Tòkunbọ̀. Àyípadà ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí ó kan olùkọ́ èdè lára ju àyípadà ọkọ̀ òfuurufú lọ.

Fóònù alágbèéká tó tàn káàkiri Nàìjíríà láti ọdún 2001 ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ àrokò. Àìgbúròó kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìṣòro mọ́. Síbẹ̀, Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, ọmú kò sì ṣeé mu lórí fóònù. Owó ṣeé fi ránṣẹ́. Ọwọ́ tí yóò di arúgbó mú dé ilé ìwòsàn kò ṣeé fi ránṣẹ́. Ní ọdún 2011, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lóṣù fún àwọn arúgbó tó ti pé ọdún márùndínláàádọ́rin, ṣùgbọ́n ètò náà dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ìjọba yí padà ní ọdún 2014. Ètò bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìjẹ́wọ́ ní gbangba pé àwọn òkété kan wà tí ọmọ wọn kò sí nítòsí, tàbí tí ọmú ọmọ náà ti gbẹ. Òwe gbé ẹrù náà lé ọmọ lórí; ọ̀rọ̀ ajé sì ti gbé ọmọ jìnnà sí ẹrù rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jìnnà ló gbàgbé.

Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́

Ohun mẹ́ta ni àyẹ̀wò yìí fi lélẹ̀ fún olùkọ́ àti fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ fi iṣẹ́ ìkọ́ni dánra wò. Èkíní, kí wọ́n má dá òwe odò kọ́ ọmọ láìfi òwe ẹrú tì í. Òwe odò ń bá ẹni tó lọ wí. Òwe ẹrú ń bá onílé wí. Ọmọ tó gbọ́ méjèèjì yóò mọ̀ pé a kò dá òbí òun lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Èkejì, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìtàn orúkọ wọn. Nínú kíláàsì kan, Abíọ́nà, Abídèmí àti Tòkunbọ̀ lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà láìmọ̀ pé ìwé ìtàn ni orúkọ àwọn. Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ mọ̀ pé òun náà jẹ́ onílé. Ọmọ tí òbí rẹ̀ wà lókèèrè wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́, láìsí ẹni tí yóò wá bi í léèrè. Òun gan-an ni wọ́n ń pa òwe ẹrú fún.

Àgbálọgbábọ̀

Bébà yìí ti fi hàn pé òwe Yorùbá lórí ìjìnnà sí ẹbí kì í sọ ohùn kan. Òmíràn ń bá arìnrìn-àjò wí, òmíràn ń yìn ín, òmíràn ń tù ú nínú, èyí tó wúwo jù lọ sì kọjú sí ẹni tó gbà á sílé. Orúkọ àti àrokò tẹ̀ lé ìlànà kan náà: ibi tí ojú kọ sí ni wọ́n ń wò, kì í ṣe bí ọ̀nà ti gùn tó. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ilé kò bá dá ààyè ẹni tó lọ sí, tí onílé lókèèrè kò sì rántí pé ẹrú ní baba, àbọ̀ àjò náà kò ní rọrùn. Olùkọ́ tó bá fi òwe kan ṣoṣo dá ẹjọ́ yìí ti gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà sì ni àwọn Yorùbá ń pe irú adájọ́ bẹ́ẹ̀.